Àlejò ní Thamesmead

Nítorí pé agboolé tí kò ní ọmọ ní London kò pọ̀ mọ́ láàrin wa, ó tọ́ kí àwa tí a ti bá wọn gbé níbẹ̀ rò fún yín bí ibùgbé wọn ti rí. Thamesmead ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀ púpọ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa, ènìyàn ni ó ń kọ́kọ́ dé kí ètò tó tẹ̀ lé e: a tẹ ìlú dó, ọjà bọ́ sí iwájú ààfin, agboolé sì yí wọn ká. Ti Thamesmead kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ìwé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso London nígbà náà ni ó pinnu láti kọ́ ibùgbé fún 60,000 ènìyàn sórí ilẹ̀ àbàtà létí odò Thames, tí apá kan rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ohun ìjà ọba tẹ́lẹ̀ rí. Ní ọdún 1968 ni àwọn àkọ́kọ́ wọlé. Nítorí ìkún omi ńlá ti ọdún 1953, òfin kò gbà kí a fi iyàrá ìsàlẹ̀ ṣe ibùgbé; nítorí náà ọkọ̀ ni a fi sí ìsàlẹ̀, ènìyàn ń gbé òkè, a sì fi afárá ẹlẹ́sẹ̀ so ilé mọ́ ilé. Ètò náà dára lójú ẹni tí ó yà á. Ṣùgbọ́n reluwé tí a retí kò dé àárín rẹ̀ títí di òní. Abbey Wood, ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ni a ti ń wọ ọ́, níbi tí ọ̀nà reluwé Elizabeth ti ṣí ní ọdún 2022.

Àwọn àgbà ní, àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, gbogbo ilé jọra lójú wa. A gun afárá kan, a bọ́ sí òmíràn, a sì tún bá ara wa níbi tí a ti gbéra. A kí ará ilé kejì ní òwúrọ̀, ó mirí, ó sì ti ilẹ̀kùn. A ní ìgbéraga ni. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó ibẹ̀ ni a kó wá láti inú àwọn ilé àtijọ́ tí ó há ní London, àti pé àlejò ni àwọn náà lórí ilẹ̀ àbàtà yìí.

Síbẹ̀ a kò sọ pé àìmọra nìkan ni. Ní ọdún 1991 àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan pa ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan níbẹ̀, ọmọ ọdún 15, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú kò dákẹ́. Wọ́n wọ́de, wọ́n sì béèrè ẹ̀tọ́. Ẹni tí ó dé lẹ́yìn wọn, ọ̀nà tí wọ́n fi ìyà là ni ó ń rìn.

Àṣìṣe tiwa ńkọ́? A yí orin sókè títí di òru, a kò bìkítà pé òfin ibẹ̀ ka láti agogo 11 alẹ́ sí agogo 7 òwúrọ̀ sí àkókò ìsinmi. A fi gbogbo ìpàdé fún ẹgbẹ́ ìlú wa àti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí wọ́n bá ju ìwé ìpè ìpàdé àwọn ayálégbé sí ẹnu ọ̀nà wa, a sọ ọ́ nù. Àwọn kan nínú wa gba iyàrá lọ́wọ́ ará ilé láìgba ìwé, nítorí pé a jọ ń sọ Yorùbá. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé, kò sí ẹ̀rí lọ́wọ́ wa.

Ewu èyí hàn ní ọdún 2020. Peabody, ẹgbẹ́ onílé tí ó gba àkóso Thamesmead ní ọdún 2014, fẹ́ wó àdúgbò Lesnes kí ó sì tún un kọ́. Láti ọdún 2018 ni àṣẹ ti wà pé, bí a ó bá fi owó ìjọba London ṣe irú iṣẹ́ báyìí, àwọn ará àdúgbò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìbò. Ta ni ó ní ìbò? Ayálégbé ẹgbẹ́ náà ni, àti onílé tí ó ti ń gbé inú ilé rẹ̀, àti ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wà fún ọdún kan nínú ìwé àwọn tí ń retí ilé ìjọba. Àlejò tí ó gba iyàrá lábẹ́ ẹlòmíràn, tí kò kọ orúkọ síbi kankan, kò ní ohùn, bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ ni òrùlé náà yóò ti ṣí kúrò. Àwọn tí ó fara mọ́ wíwó náà ni wọ́n borí. Àwọn mìíràn sì ń jà lẹ́yìn náà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín sí àwọn ọmọ jẹ́ ti owó nìkan. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ìwé ilé wà lọ́wọ́ wọn, bóyá wọ́n mọ orúkọ ará ilé kejì, bóyá wọ́n ń lọ sí ìpàdé àdúgbò. Ẹ rán wọn létí pé ọmọ Nàìjíríà tí ó ní àṣẹ láti gbé ibẹ̀, tí ó sì ti pé ọdún 18, lè forúkọ sílẹ̀ kí ó sì dìbò yan ìgbìmọ̀ ìlú àti aṣòfin, nítorí pé orílẹ̀-èdè wa wà nínú Kọmọnwẹ́ẹ̀tì.

Àwọn Akú ní Freetown, ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú ní ọ̀rúndún 19, kò gbàgbé èdè baba wọn, wọn kò sì fa ọwọ́ sẹ́yìn nínú ọ̀ràn ìlú tuntun náà. Ohun méjèèjì yìí ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹni tí ó mọ ilé kì í sọnù lájò; ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí níbi ìpàdé, ẹlòmíràn ni yóò pín ilé rẹ̀.