ÀMÁÁNÀ NI ÌRÒYÌN
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Ṣakí

   

Ẹni tí ó bá dàgbà ní Òkè-Ògùn mọ ohun tí iná ń ṣe nígbà ọyẹ́. Koríko ọ̀dàn ti gbẹ. Ẹnìkan ṣoṣo ni yóò ti iná bọ igbó nítorí ọ̀yà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àká àgbàdo ẹlòmíràn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ti di eérú. Àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í dúró de ọjọ́ iná. Ṣáájú ọyẹ́ ni ó ti ń ro àyíká àká rẹ̀ mọ́, kí iná má baà rí ohun tí yóò jó dé ibẹ̀. Bí iná ọ̀dàn ti rí ni àhesọ ọ̀rọ̀ rí lórí fóònù, nínú àwọn àwùjọ tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí dá sílẹ̀ fún wáàsí, ìkíni àti ìrànlọ́wọ́ ara wọn.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà. Àrùn Ẹ̀bólà wọ Nàìjíríà láti Èkó ní ọjọ́ 20, oṣù keje, ọdún 2014. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 8, oṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan ti tàn jákèjádò ilẹ̀ yìí lórí fóònù, pé kí oníkálukú fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé ààbò ni lọ́wọ́ àrùn náà. Ìfẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ìyá, bàbá àti ọ̀rẹ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ètò ìlera kéde pé irọ́ ni. Síbẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn jábọ̀ pé ènìyàn 2 kú ní Jos nítorí iyọ̀ àmujù, tí wọ́n sì gbé nǹkan bí 20 lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀bólà fúnra rẹ̀ pa ènìyàn 8 ní Nàìjíríà kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, ọdún náà pé ilẹ̀ yìí ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iyọ̀ kọ́ ni ó ṣẹ́gun àrùn náà. Wíwá tí wọ́n wá àwọn tí ó fara kan aláìsàn rí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21, ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Èrò rere kò lè sọ irọ́ di òtítọ́.

Islam kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láìní ìlànà. Nínú Súratul Hujurāt, ẹsẹ 6, Ọlọ́hun pàṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ òdodo pé kí wọ́n ṣe ìwádìí bí ẹni tí kò ṣeé gbára lé bá mú ìròyìn wá. Ọ̀pọ̀ àwọn onítafsírì sọ pé ọ̀rọ̀ Walīd ọmọ Uqbah ni ó fa ẹsẹ náà. Ànábì rán an láti gba sàká lọ́dọ̀ àwọn Banū Mustaliq. Ó padà láìdé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì ní wọ́n kọ̀ láti san án. Díẹ̀ ni ó kù kí ogun ṣẹlẹ̀. Ìwádìí ni ó fi hàn pé àwọn ènìyàn náà kò kọ̀ rárá.

Ẹnìkan lè wí pé olódodo ni ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òun. Olódodo ni Abū Mūsā al-Ash'arī pẹ̀lú. Nígbà tí ó ròyìn fún Umar ọmọ Khattāb pé Ànábì ní kí ẹni tí ó tọrọ àyè láti wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí kò rí ìdáhùn, máa padà lọ, Umar ní kí ó mú ẹlẹ́rìí wá. Abū Sa'īd al-Khudrī ni ó jẹ́rìí sí i. Umar kò pe Abū Mūsā ní òpùrọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni ó ń dáàbò bò.

Ìṣòro kejì ni àìlétò. Ìkéde òkú, ọjà títà, wáàsí, àwàdà àti ìbéèrè nípa ààwẹ̀ a máa wọ́ pọ̀ sójú kan. Ìdáhùn tí àáfà fara balẹ̀ ṣe nínú Ramadan yóò ti sọnù kí Ramadan mìíràn tó dé. Àwọn aṣíwájú kò ṣe bẹ́ẹ̀. Imam Ahmad ọmọ Hanbal, tí ó kú ní ọdún 241 Hijira, to àwọn hadisi inú Musnad rẹ̀ sí abẹ́ orúkọ àwọn sàhábà tí ó gbà wọ́n wá. Imam al-Bukhārī, tí ó kú ní ọdún 256, to ti rẹ̀ sí abẹ́ kókó ọ̀rọ̀: ìbẹ̀rẹ̀ ìṣípayá, ìgbàgbọ́, ìmọ̀, àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Hadisi inú rẹ̀ lé ní 7,000, pẹ̀lú àwọn tí ó tún sọ. Síbẹ̀ ẹni tí ó ń wá ọ̀rọ̀ àlùwàlá mọ ibi tí yóò ṣí.

Ìṣòro kẹta ni àìṣòdodo alábòójútó. Láti ọdún 2022 ni WhatsApp ti gbà kí alábòójútó pa ọ̀rọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ́ lójú gbogbo ènìyàn, ọdún náà ni àwùjọ kan sì di ohun tí ó lè gba ènìyàn 1,024. Agbára ńlá ni èyí lọ́wọ́ ẹnìkan. Bí ó bá yọ ẹni tí kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ wíwo oṣù, ṣùgbọ́n tí ó fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ń bú àgbà sílẹ̀, ó ti tàpá sí Súratul Mā'idah, ẹsẹ 8, tí ó kọ̀ kí ìkórìíra mú ènìyàn gbàgbé ẹ̀tọ́. Ọ̀dọ́ tí wọ́n bá lé jáde lọ́nà àbòsí lè ṣàì padà sí mọ́sálásí mọ́.

Nítorí náà, kí àwùjọ kọ̀ọ̀kan kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ kí ìjà tó dé. Kí alábòójútó tó mẹ́ta, kí wọ́n máa gbìmọ̀ pọ̀. Kí ọ̀rọ̀ oògùn lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ ìlera, kí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lọ sọ́dọ̀ àáfà tí ó mọ̀ ọ́n. Kí ìkéde ní àyè tirẹ̀, kí ìbéèrè ní àyè tirẹ̀, kí ẹnìkan sì máa kó àwọn ìdáhùn jọ ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Kí wọ́n gba ẹni tí ó ṣẹ̀ níyànjú ní ìkọ̀kọ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ẹni tí ó bá sì tan irọ́ kálẹ̀, ibi tí ó ti tàn án náà ni kí ó ti jẹ́wọ́.

Ẹ ro àyíká àká mọ́ kí ọyẹ́ tó dé. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ahọ́n àti ìka àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, kí Ó sì fi òdodo so ọkàn wọn pọ̀. Āmīn.