Iná Kékeré Inú Ọkọ̀: Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Náwó

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa bá wa sọ níbi ìpàdé àwọn ìdílé)

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni ẹ ń retí lẹ́nu mi. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo bá wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera náà ni.

Gbogbo yín lẹ mọ píkọ́ọ̀pù bàbá àwọn ọmọ mi, ti ọdún 1998, tó máa ń kó ìkòkò àti àga ẹgbẹ́ lọ sí gbọ̀ngàn. Ní ọdún 2023, iná "check engine" tàn nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ geere, a ò kà á sí. Nígbà tó yá, a gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Wọ́n fi ẹ̀rọ kà á, kóòdù P0442 ló jáde, wọ́n sì pààrọ̀ agolo èédú rẹ̀. Owó tí a san kò kéré. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, iná tún tàn.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ọmọ mi obìnrin ń ráhùn orí fífọ́ láràárọ̀. Yàrá rẹ̀ ló wà lókè gáréèjì. Èmi nọ́ọ̀sì fún un lóògùn, mo ní kó máa tètè sùn. Ìgbà tí ìyá mi wá kí wa láti Ìbàdàn ló dúró lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì tó ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti ń ta epo ni?" Òórùn náà ti mọ́ àwa lára.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí a bá fi sípíríìtì nu apá aláìsàn, kíá ló ti gbẹ, ó ti bá atẹ́gùn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni pẹtiróòlù ń ṣe nínú táńkì. Kí ó má baà ba afẹ́fẹ́ ìlú jẹ́, páìpù ń darí rẹ̀ lọ sínú agolo tí èédú kún inú rẹ̀. Èédú náà jọ èyí tí a máa ń fún ẹni tó gbé májèlé mì ní ọsibítù: yóò fa afẹ́fẹ́ epo mọ́ra. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, fáàfù kan, purge valve, yóò ṣí, ẹ́ńjìnnì yóò sì fa afẹ́fẹ́ epo náà, yóò jó o. Fáàfù kejì, vent valve, ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn tuntun wọlé.

Láti orí ọkọ̀ ọdún 1996 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ṣọ́ àwọn ẹ̀yà tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ba afẹ́fẹ́ jẹ́. P0442 ń sọ pé ibì kan ń jò díẹ̀; P0455 ń sọ pé ó ń jò púpọ̀. Kò sọ ibi tó ti ń jò. Ara gbígbóná ni kóòdù, kì í ṣe orúkọ àìsàn.

Àbúrò wa kan nínú ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ló gbà wá. Ìdérí táńkì ló kọ́kọ́ wò, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ibẹ̀ náà ni àìsàn wà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Róbà rẹ̀ kò sán. Ó yọ purge valve, ó fi pọ́ǹpù ọwọ́ dán an wò. Nígbà tí iná bátìrì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò yẹ kí atẹ́gùn kọjá. Kò sì kọjá. Ló bá gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ èéfín wọ inú páìpù wá. Kò pẹ́, èéfín yọ lára ọ̀pá tí epo ń gbà wọ táńkì. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín. Agolo tí a sanwó rẹ̀ kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Afẹ́fẹ́ pẹtiróòlù wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló ń fà gbà. Ẹ̀rọ omi gbígbóná wa sì wà nínú gáréèjì náà, iná kékeré ń jó nísàlẹ̀ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹ rò ó wò! Yàtọ̀ sí iná, benzene wà nínú pẹtiróòlù. Ó lè fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ bí ènìyàn bá ń fà á símú fún ìgbà pípẹ́. N kò lè búra pé òun ló fa orí fífọ́ ọmọ mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ tí a ti gbé ọkọ̀ síta, kò ráhùn mọ́.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́:

1. Bí ẹnu ẹ̀rọ ilé epo bá ti pa ara rẹ̀, ẹ má fi kún un mọ́. Epo olómi a máa ba èédú jẹ́.

2. Bí ẹ bá fún ìdérí le, ẹ fún kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ díẹ̀. Kì í sábà ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ bí táńkì bá kún tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

3. Ẹ bi mẹkáníìkì léèrè: "Àyẹ̀wò wo lẹ ṣe tí ẹ fi mọ̀ pé ẹ̀yà yìí ló bàjẹ́?"

4. Bí ẹ bá gbóòórùn epo nínú gáréèjì, ẹ má ṣáná, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ fọwọ́ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ ti ọkọ̀ síta. Bí òórùn bá pọ̀, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ pe panápaná.

Láràárọ̀ ni mo ń bi aláìsàn pé, "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí ló wà láyìíká yín?" N kò bi ọmọ inú ilé mi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ó di ọ̀rọ̀ àbámọ̀ nílé yín.