Ta Ló Gbé Àsíá Náà Lọ́wọ́? Láti Zeon dé Norwood

  Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á dípò kí ẹ wò ó, bí mo ṣe sọ ọ́ náà la ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti yà bàrá, ẹ fara mọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ àsíá la fẹ́ sọ lónìí. Àsíá inú anime ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: ti Zeon, ti Britannia, ìyẹ́ méjì tó wà lẹ́yìn àwọn Survey Corps inú Attack on Titan, agbárí àti egungun ti Captain Harlock. Ẹ gba Rye Lane kọjá lọ́sàn-án Sátidé, kí ẹ ka iye ọmọ wa tó wọ ẹ̀wù onífìlà tí ìyẹ́ méjì yẹn wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó bá mọ̀ ọ́n á fi ojú kí ara wọn, wọ́n á kọjá. Ìyá kan kọ̀wé sí wa pé ọmọ òun ra jákẹ́ẹ̀tì ọmọ ogun Zeon, òun ò sì mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni àbí kí òun gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé ó jọ aṣọ àwọn ọmọ ogun Hitler lójú òun.

Mà, ojú yín ríran dáadáa.

Mobile Suit Gundam bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Japan ní oṣù kẹrin ọdún 1979. Yoshiyuki Tomino ló darí rẹ̀. Nínú ìtàn náà, èèyàn ti kún ayé jù, wọ́n wá kó ọ̀pọ̀ lọ máa gbé nínú àwọn ìlú ńláńlá tí wọ́n kọ́ sínú òfurufú. Apá kan nínú àwọn ìlú yẹn, tí wọ́n ń pè ní Side 3, yapa, ó pe ara rẹ̀ ní Zeon, ó sì gbógun ti ayé. Kò pẹ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀ tí ìdajì ọmọ aráyé ti kú. Ẹ rántí ibi ìsìnkú Garma Zabi: àwòrán òkú náà ga bí ilé alájà mélòó kan, àmì Zeon wà níbi gbogbo, Gihren ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá dìde, ó sọ òkú àbúrò rẹ̀ di epo tó dà sínú iná ogun, gbogbo èrò sì ń kígbe "Sieg Zeon". Bàbá Gihren fúnra rẹ̀, tó jẹ́ olórí ilẹ̀ náà, sọ fún un lójú pé Hitler ló ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, àwọn tó ṣe eré náà ò fi nǹkan kan pa mọ́. Àwa tí a ń wọ aṣọ rẹ̀ kiri la máa ń gbàgbé.

Àmọ́ ibi tó dùn jù níbẹ̀ nìyí. Ta ni Zeon? Orúkọ èèyàn ni. Zeon Zum Deikun ni ọkùnrin tó kọ́kọ́ sọ pé kí àwọn tó ń gbé inú òfurufú máa ṣàkóso ara wọn. Ó kú. Ìdílé Zabi gba ìjọba, àwọn ọmọ rẹ̀ sì sá lọ, nítorí wọ́n gbà pé àwọn Zabi ló pa bàbá wọn. Ǹjẹ́ àwọn Zabi pa orúkọ olóògbé rẹ́? Rárá o! Wọ́n fi í sọ ilẹ̀ lórúkọ, wọ́n fi í sọ ogun lórúkọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Casval, wá fi ìbòjú bojú, ó pe ara rẹ̀ ní Char Aznable, ó wọṣẹ́ ológun lábẹ́ àwọn Zabi yẹn kan náà. Ẹ fojú inú wò ó. Orúkọ bàbá rẹ ni gbogbo ayé ń kígbe, ìwọ sì dúró láàárín wọn, ẹni tó o gbà pé ó pa á ló di àsíá náà mú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ìyá yẹn pé kó má tíì gba jákẹ́ẹ̀tì náà. Kó pe ọmọ rẹ̀ jókòó, kó bi í pé ta ni Deikun. Bó bá lè sọ ìtàn yẹn délẹ̀, ó mọ ohun tó wọ̀. Bí kò bá lè sọ ọ́, pátákó ìpolówó lásán ni, kódà wọn ò sanwó fún un.

Mo máa ń bínú sí àwọn tó bá ń sọ pé àsíá burúkú á burú lójú. Ẹ wo ti Harlock, eré Leiji Matsumoto tó jáde ní 1978. Agbárí àti egungun, àsíá olè orí omi pátápátá. Ta ló wà lábẹ́ rẹ̀? Ọkùnrin kan ṣoṣo tó ń jà fún ayé nígbà tí àwọn alákòóso ayé ti di ọ̀lẹ tí wọn ò fẹ́ gbọ́ pé ọ̀tá ń bọ̀.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Code Geass, 2006, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ kàn wá. Britannia, ìjọba ńlá kan, ṣẹ́gun Japan. Wọ́n gba orúkọ ilẹ̀ náà kúrò, wọ́n fún un ní nọ́ńbà: Area 11. Àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í ṣe ará Japan mọ́, "Eleven" ni wọ́n ń pè wọ́n, Mọ́kànlá. Ẹni tó bá gbà láti sin ìjọba lè lọ forúkọ sílẹ̀ kó di Honorary Britannian, ìyẹn ará Britannia aláfẹnujẹ́. Wọ́n á fún un ní ẹ̀tọ́ díẹ̀, ojú tí wọ́n fi ń wò ó ò ní yí padà. Ẹ̀yin tí àwọn òbí yín fi ọdún mẹ́wàá lé ìwé ìgbélùú kiri, mi ò ní láti túmọ̀ ìyẹn fún yín.

Fífi nọ́ńbà àti orúkọ àbùkù ṣe àsíá fún àwọn èèyàn: ibo la ti rí irú rẹ̀ rí? Nílé wa níbí ni. North Peckham Estate.

Ẹ̀yin tí a bí lẹ́yìn ọdún 2000 ò lè mọ̀ ọ́n, wọ́n ti wó o. Ìjọba ìbílẹ̀ Southwark kọ́ ọ láàárín òpin àwọn ọdún 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ilé alájà márùn-ún ni wọ́n, ìlà lẹ́yìn ìlà, wọ́n sì fi afárá ẹlẹ́sẹ̀ so wọ́n pọ̀ lókè, débi pé èèyàn lè rìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Bí ẹ bá rí àwòrán rẹ̀, ẹ ó sọ pé inú Gundam ni wọ́n ti yọ ọ́. Àwọn tó yà á lórí ìwé ní lọ́kàn pé kí ọmọdé lè máa ṣeré lókè níbi tí mọ́tò ò dé. Nígbà tó yá, iná afárá kú, ẹ̀rọ agbéniròkè bàjẹ́, igun tó ṣókùnkùn wá pọ̀ ju èyí tó mọ́lẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn wa kún ibẹ̀ bámú. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń wó o díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2000, wọ́n gún Damilola Taylor, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò tíì pẹ́ tó ti Èkó dé, ẹ̀jẹ̀ sì dà lára rẹ̀ títí ó fi kú sídìí àtẹ̀gùn kan níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ àdúgbò náà kì í ṣe orúkọ àdúgbò mọ́. Àwọn oníwèé ìròyìn sọ ọ́ di àmì. Bí wọ́n bá ti kọ "North Peckham", wọn ò ní láti kọ nǹkan mìíràn mọ́, ẹni tó ń kà á ti mọ irú èèyàn tí wọ́n fẹ́ kó fojú inú rí. Ìyá tó ń gbé ìsaasùn ọbẹ̀ kọjá lórí afárá lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ò sí nínú àmì yẹn.

Àwọn ọmọ kan ní àdúgbò wa sì mú nọ́ńbà tiwọn. SE15. Nọ́ńbà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ fi ń pín lẹ́tà ni o! Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, wọ́n fi orin kọ ọ́, wọ́n bá ọmọ tó ti postcode mìíràn wá jà nítorí rẹ̀, àwọn kan sì bá a lọ. Nínú Code Geass, ọ̀tá ló fi Area 11 lé àwọn èèyàn lórí. Tiwa ni pé ọwọ́ àwọn ọmọ wa fúnra wọn ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo ti rò ó títí, mi ò tíì rí anime tó ya ìyẹn.

Orúkọ Damilola ṣì wà lára ilé ìgbafẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan ní Peckham. Èyí náà jẹ́ àmì, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló sì gbé e ró.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ àmì ṣàjèjì sí wa. Ọ̀págun wà lédè wa kí òyìnbó tó dé. Ààlè ńkọ́? Ẹ dé oko olóko, ẹ rí àkísà, ṣúkù àgbàdo àti ìkarahun ìgbín tí wọ́n so rọ̀ sára igi. Olóko ò sí nílé, kò sí ajá, kò sí geeti. Ààlè ò sọ orúkọ ẹni tó ni oko. Ohun tó máa ṣe olè ló ń sọ. Ní Àgbọ́mẹ̀, ọba Dahomey kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀, wọ́n yọ ọ́ sára ògiri ààfin, wọ́n rán an sára aṣọ. Kìnnìún ni ti Glele. Ẹja ekurá ni ti Behanzin, nítorí ojú òkun ni àwọn Faransé gbà wọlé, ó fẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó ń dúró dè wọ́n nínú omi. Ẹ̀yin tí ẹ wo Legend of the Galactic Heroes, ẹ rántí ọjọ́ tí Reinhard gorí ìtẹ́, tí idì olórí méjì lọ, tí kìnnìún wúrà wọlé. Àwọn ará Àgbọ́mẹ̀ ò ní bèèrè kí nìdí. Àmọ́ kìnnìún Glele yẹn náà ló bá ogun wá sí Abẹ́òkúta ní 1864, àwọn Ẹ̀gbá sì lé e padà. Ère ọba méjèèjì, ti ọkùnrin oníkìnnìún àti ti ọkùnrin olẹ́ja ekurá, wà ní ìlú Paris fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó dá wọn padà sí orílẹ̀-èdè Benin ní oṣù kọkànlá ọdún 2021.

Ó wá ku àsíá kan, èyí tó wà nínú yàrá ọ̀pọ̀ yín, tí ẹ máa ń fi bora nígbà tí Super Eagles bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Kí ó tó dé, àsíá aláwọ̀ búlúù ni wọ́n ta lé wa lórí láti 1914. Union Jack wà ní igun rẹ̀, ìràwọ̀ ewé olórí mẹ́fà sì wà lórí òbìrí pupa pẹ̀lú adé ọba òyìnbó láàárín. Kò sẹ́ni tó bi wá. Nígbà tí òmìnira ń bọ̀, wọ́n wá polówó pé kí ẹni tó bá lè ya àsíá yà á wá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan rí ìpolówó náà. Ọmọ Ìbàdàn ni, wọ́n bí i ní 1936, Táíwò Akinkúnmi lorúkọ rẹ̀. Ibo ló ti ń kàwé? Norwood Technical College, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí! Láti Peckham síbẹ̀ ò tó máìlì márùn-ún. Àwọ̀ ewé fún ilẹ̀ tó lọ́ràá, funfun fún àlàáfíà, ewé lẹ́ẹ̀kan sí i. Láàárín funfun yẹn, ó ya oòrùn pupa kan tó ń tan ìmọ́lẹ̀ yíká. Ìgbìmọ̀ mú tirẹ̀ láàárín gbogbo èyí tí wọ́n rí gbà. Wọ́n fún un ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn.

Wọ́n sì yọ oòrùn rẹ̀ kúrò.

Ẹ wò ó, oòrùn pupa lórí funfun, ohun tí ẹ ń rí lójoojúmọ́ lórí àsíá àwọn tó ń ṣe anime fún wa, ó ku díẹ̀ kó wà lórí tiwa. Ní 1967, oòrùn ìdajì aláwọ̀ yẹ́lò yọ lórí àsíá Biafra. Mi ò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì o, ẹ má lọ gbé e kiri. Mo kàn ń sọ pé nígbà tí mo rí àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Wọ́n ta àsíá náà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Ọkùnrin tó yà á padà sí Ìbàdàn, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ẹnikẹ́ni tó wá a lọ. Ó kun ilé rẹ̀ ní ewé àti funfun. Ọdún 2014 ni wọ́n tó fún un ní oyè OFR. Ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, ó sì lé ní ọdún kan tí òkú rẹ̀ fi wà nílẹ̀ kí wọ́n tó sin ín.

Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ mọ àwòrán yà, tí ẹ máa ń fi àmì Zeon àti ìyẹ́ Survey Corps ránṣẹ́ sí wa, tó máa ń rẹwà. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ya ti Bàbá Akinkúnmi bó ṣe fi ránṣẹ́ láti Norwood. Oòrùn pupa, ìmọ́lẹ̀ yíká, sáàárín funfun. Ẹ fi ránṣẹ́, èyí tó bá dára jù la máa gbé sẹ́yìn mi níbí nígbà tí a bá tún pàdé.