Ohun Tí A Fi Ń Dí Eyín, àti Èérí Tí Ń Gbé Orí Rẹ̀



Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, oníṣègùn kan bá wa dí ihò kan nínú ọ̀kan nínú àwọn eyín tí a fi ń lọ oúnjẹ. A san owó, a dúpẹ́, a sì gbà pé ọ̀ràn eyín náà ti parí. Kò pẹ́ tí òwú tí a fi ń nu àárín eyín bẹ̀rẹ̀ sí í ha, tí ó sì ń já ní ibẹ̀ lójoojúmọ́. A kò kà á sí. Nígbà tí ìrora fi padà dé, ihò titun ti wà ní etí ohun tí a fi dí i, a sì pàdánù eyín náà.

Àwọn baba wa a máa wí pé kòkòrò ní ń jẹ eyín. Wọn kò ṣìnà púpọ̀, àfi pé kòkòrò náà kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Ní ọdún 1683, Antonie van Leeuwenhoek, ará Delft ní ilẹ̀ Holland, ha èérí funfun láti àárín eyín ara rẹ̀, ó fi awò wò ó, ó sì kọ̀wé sí Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù pé ohun alààyè kéékèèké ń rìn nínú rẹ̀. Bí a ti ń fọ ẹnu tán ni itọ́ ń ta awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo eyín. Orí awọ yìí ni àwọn kòkòrò ń tẹ̀dó sí. Bí a bá sì jẹ ṣúgà, wọn a sọ ọ́ di ásíìdì tí ń yọ́ eyín díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí a fi dí eyín kì í kẹ̀, nítorí náà ni ènìyàn fi ń rò pé kòkòrò kò ní iṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n itọ́ a máa ta awọ bo òun pẹ̀lú. Kòkòrò a tẹ̀dó sórí rẹ̀, ásíìdì wọn a sì jẹ eyín tí ó fara kàn án.

Dídán ni ó ṣe pàtàkì jù. Ilẹ̀ ilé tí a rẹ́ dáradára, ìgbálẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan a gbá a mọ́. Èyí tí ó ṣe pàlàpálá, erùpẹ̀ a sá pamọ́ sínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti wọn èyí: bí a bá pín mìlímítà kan sí 5,000, pàlàpálá tí ó bá ju ọ̀kan nínú ìpín náà lọ ti tó láti mú èérí pọ̀ sí i.

Amalgam, èyí tí í ṣe fàdákà, bàbà àti irin mìíràn tí a pò mọ́ mẹ́kúrì, kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ a máa dí àwọn kòkòrò kan lọ́wọ́. Résínì funfun, tí Rafael Bowen ní Amẹ́ríkà gba ìwé-ẹ̀tọ́ irú rẹ̀ ní 1962, ni ó gbòde báyìí. Ó jọ eyín. Ta ni kò sì fẹ́ kí ẹ̀rín òun mọ́? Síbẹ̀, bí ó ti ń le ni ó ń súnkì, ó lè fi àlàfo tín-ín-rín sílẹ̀ ní etí. Búrọ́ọ̀ṣì a máa jẹ ojú rẹ̀, títí àwọn hóró gíláàsì inú rẹ̀ yóò fi yọ síta. Kò sì ní ohun kan tí ń dá kòkòrò lẹ́kun. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, èérí orí résínì pọ̀ ju ti amalgam lọ. Lójú tiwa, ó yẹ kí a sọ èyí fún ẹni tí ń sanwó kí ó tó yàn.

Símẹ́ńtì gíláàsì, tí Wilson àti Kent gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1972, ń tú fúlọ́ráìdì sílẹ̀ tí ń ran eyín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í pẹ́ ṣá. Amọ̀ dídán bí ti àwo tánńganran ni èérí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbá mú, bí a bá dán an dáradára. Owó rẹ̀ ni kò kéré.

Èyíkéyìí tí a bá yàn, kí a fi ahọ́n tọ́ etí rẹ̀ wò kí a tó dìde lórí àga oníṣègùn. Bí ó bá ha ahọ́n, tàbí tí ó yọ gọngọ sórí èrìgì, kí a ní kí ó tún un dán. Orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé abẹ́ etí tí ó yọ síta.

Ìjòyè kan bi wá léèrè bí òun yóò ha yọ amalgam àtijọ́ ẹnu òun, nítorí àdéhùn Minamata ti 2013 tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe láti dín ìlò mẹ́kúrì kù. Bí kò bá fọ́, tí etí rẹ̀ sì pé, kí wọ́n fi í sílẹ̀: yíyọ rẹ̀ a máa gbẹ́ nínú eyín tí ó yè, a sì máa tú oru mẹ́kúrì sílẹ̀ ju bí ó ti ń tú nígbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ lọ.