Bárékè Ìkẹjà àti Ìbéèrè Ta Ni Ọmọ Nàìjíríà

Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni bí ogun àti aṣáájú ṣe ń sọ èèyàn di ọmọ orílẹ̀-èdè. Mi ò ní lọ jìnnà. Ìkẹjà níbí ló ti ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ 29, oṣù Keje, 1966, àwọn sójà ọmọ Òkè Ọya dìtẹ̀ mọ́ Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba. Ìbàdàn ni wọ́n ti mú un, tòun ti Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn tó gbà á lálejò, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n Ìkẹjà ni wọ́n ti dúnàá-dúrà. Bárékè wa àti pápákọ̀ òfuurufú bọ́ sọ́wọ́ wọn. Murtala Muhammed wà lára àwọn tó ṣáájú. (Orúkọ rẹ̀ ni pápákọ̀ náà ń jẹ́ lónìí, Fájuyì ní títì kan ní GRA Ìkẹjà. Òru kan náà ló so orúkọ méjèèjì pọ̀.) Wọ́n gba ọkọ̀ òfuurufú VC10 kan tó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi kó ìyàwó àtọmọ lọ sí Kánò, torí ọ̀pọ̀ wọn ló fẹ́ kí Òkè Ọya máa lọ ní tirẹ̀. Wọ́n jiyàn títí oṣù fi parí. Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, adájọ́ àgbà, àti àwọn akọ̀wé àgbà ìjọba wà lára àwọn tó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ya lọ. Aṣojú Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà náà dá sí i. Nígbà tí Gowon, olórí ìjọba tuntun, sọ̀rọ̀ lórí rédíò lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, Nàìjíríà ṣì wà lódindi. Kò sí ará Agége tí ẹnikẹ́ni bi léèrè.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ilẹ̀ Nàìjíríà pín. Abẹ́ Ìbàdàn, olú-ìlú Ìwọ̀-Oòrùn, ni Ìkẹjà, Agége, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì wà títí di ìgbà náà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló la ilẹ̀ ilé iṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀. Lọ́jọ́ 27, oṣù Karùn-ún, 1967, Gowon fọ́ ẹkùn mẹ́rin sí ìpínlẹ̀ 12, kí àwọn ẹ̀yà kéékèèké Ìlà-Oòrùn má baà bá Ojukwu, gómìnà wọn, lọ. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni Ojukwu kéde Ìlà-Oòrùn ní orílẹ̀-èdè Biafra, ogun sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó sùn lọ́mọ Ìwọ̀-Oòrùn ní Agége jí lọ́mọ Ìpínlẹ̀ Èkó. Bí ẹ bá ń ṣe kàyéfì pé Lagos Airport Hotel tó wà láàárín Ìkẹjà jẹ́ ti Odù'a, iléeṣẹ́ tí Èkó kò sí lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1976, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ogun parí ní oṣù Kìíní, 1970. Gowon ní kò sẹ́ni tó borí, kò sẹ́ni tí wọ́n borí. Ọ̀rọ̀ dáadáa. Síbẹ̀ ẹni tó lo àkáùǹtì báńkì ní Biafra, iye yòówù kó ní, £20 ló gbà. Ní Port Harcourt, wọ́n ní àwọn onílé ti pa ilé tì, wọ́n sì gba ilé àwọn Ìgbò. Ní Èkó ńkọ́, lábẹ́ Mọ́bọ́lájì Johnson, ẹni ọdún 31 nígbà tó di gómìnà? Onílé bá ilé rẹ̀ nílẹ̀; àwọn mìíràn tilẹ̀ gba owó ilé tí wọ́n ti bá wọn gbà pamọ́. Ogun kan náà ni, ìjọba àpapọ̀ kan náà. Ẹni tó di àga mú ló yàtọ̀. Lójú tèmi, kọ́kọ́rọ́ ilé tí wọ́n rí gbà padà ní Èkó sọ Ìgbò di ọmọ Nàìjíríà padà ju ọ̀rọ̀ Gowon lọ.

Bárékè Ìkẹjà kan náà tún wọ ìròyìn ní ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Kìíní, 2002. Ohun ìjà tí wọ́n kó síbẹ̀ ń bú gbàmù. Àwọn kan rò pé sójà tún ti ń gbàjọba. Nínú òkùnkùn, àwọn èèyàn sá wọ kánààlì Òkè-Afá, tí ewé ti bo omi rẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ni. Àwọn tó kú lé ní 1,000, ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Ọbásanjọ́ wá lọ́jọ́ kejì, òun tó gba ìtúúbá Biafra ní 1970. Àwọn èèyàn pariwo, ó jágbe mọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ló ní òun kò mọ̀ pé ẹ̀mí lọ. Ààrẹ tí wọ́n dìbò yàn ni, ṣùgbọ́n ọ̀gá sójà ló sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nínú àwọn ẹbí tó máa ń pé jọ ní Òkè-Afá lóṣù Kìíní, àwọn kan ṣì ń sọ pé owó gbà-má-bínú tí ìjọba ṣèlérí kò dé ọwọ́ àwọn.