Kọ̀ǹpútà Ẹ̀ka Wa Tí Kò Jí Mọ́
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò)

Ẹ kú ìfaradà sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ojú ọ̀nà Badagry. A mọ̀ pé láti Ìbà àti Okokomaiko ni ẹlòmíràn ti wọkọ̀ wá síbí lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. A ò ní pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ ní gáréèjì àti lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́, pé ìwé ẹgbẹ́ ti ṣègbé, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, irọ́ sì pọ̀ níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ni kò jí mọ́. Inú rẹ̀ ni orúkọ gbogbo wa wà, àti owó oṣooṣù tí oníkálukú ti san, àti àkọsílẹ̀ owó ìrànlọ́wọ́ tí a máa ń fún ẹbí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kú. Opó méjì ló ń dúró de owó yìí báyìí, akápò kò sì lè san án láìrí ohun tí ọkọ wọn ti dá. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ fi ní kí a wá ṣàlàyé.

Tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà náà, ọjà Alábà níhìn-ín ní Ọ̀jọ́ la ti rà á. A ò dá ẹni tó tà á lẹ́bi, ó ti sìn wá fún ọdún mẹ́rin. Ètò méjì ló wà nínú rẹ̀. Windows ni akápò fi ń ṣírò owó. Linux ni akọ̀wé fi ń tẹ lẹ́tà, nítorí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Bí a bá tan ẹ̀rọ, a ó yan èyí tí a fẹ́. Ẹ fi wé dánfó kan tó ní awakọ̀ méjì, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Ọkọ̀ kan náà ni, ẹ́ńjìnnì kan náà ni, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò gbéra, awakọ̀ àárọ̀ á ní ti alẹ́ ló bà á jẹ́, ti alẹ́ á sì dá a padà fún un. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni akápò àti akọ̀wé ṣe, títí alága fi ní kí àwọn méjèèjì jókòó.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a fi etí sílẹ̀. Hard disk inú irú ẹ̀rọ yìí ní àwo pẹrẹsẹ tó ń yí bíi 5,400 tàbí 7,200 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, apá tín-ín-rín kan sì ń rìn lókè rẹ̀ láìfara kàn án. Bí apá yẹn bá ń wá ibi tí yóò kà tí kò rí i, ẹ óò gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́. Ẹni tó bá gbọ́ èyí, kí ó pa ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó má tún un tàn wò, torí apá náà lè máa ha ojú àwo. Tiwa kò dún bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń falẹ̀, lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ sójú pé òun kò rí ohun tí òun yóò fi gbéra.

Atúnṣe tí a kọ́kọ́ pè ní kí a jẹ́ kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí òun sì gbé Windows tuntun sí i. Ẹ̀rọ ì bá jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé wa ì bá ti lọ. Akọ̀wé ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ètò kékeré kan wà tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń bi wá pé Windows ni àbí Linux, GRUB ni wọ́n ń pè é. Nígbà mìíràn, bí Windows bá ṣe àtúntò ara rẹ̀, ó lè ti GRUB sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn ló há nígbà náà, ẹrù inú ilé wà ní pípé. Kí ni ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ há ń fi katapílà ṣe?

A wọ ibi ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ, ìyẹn BIOS, a sì rí orúkọ hard disk níbẹ̀. Ká ní kò sí níbẹ̀ ni, wáyà la ò bá kọ́kọ́ yọ, ká tún un kì, tàbí ká pààrọ̀ rẹ̀, torí wáyà olówó pọ́ọ́kú ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ hard disk tó dára nù. Lẹ́yìn náà a fi Linux orí fláàṣì tan ẹ̀rọ láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni a ti lo smartctl, tó ń bi hard disk léèrè ìlera rẹ̀. Ó dáhùn pé ojú ibi mẹ́rìndínlógún wà tí òun kò lè kà mọ́. Kì í ṣe ilẹ̀kùn nìkan, ògiri ti ń ya.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ̀dà ni a kọ́kọ́ ṣe, kí a tó tún ohunkóhun ṣe. A ra hard disk mìíràn, a lo ètò kan tí ń jẹ́ ddrescue, tó ń kọ́kọ́ kó ibi tó dára, tó sì ń padà wá sí ibi tó bàjẹ́. Alẹ́ Jímọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ọ̀sán Àìkú ló parí, orí bátìrì ínfátà ni, torí iná lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Orí ẹ̀dà yẹn la ti ṣe àtúnṣe, a fi chkdsk tún apá ti Windows ṣe, a sì fi fsck tún apá ti Linux ṣe. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ti ọ̀kan ṣe èkejì.

A tún rí ohun mìíràn. Láti Windows 8 tó jáde ní 2012, bí a bá ní kí Windows pa ara rẹ̀, kì í sábà kú tán, ó ń sùn díẹ̀ kí ó lè tètè jí. Awakọ̀ àárọ̀ ti lọ, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò rẹ̀. Linux á wá kọ̀ láti kọ nǹkan sí apá ti Windows, ó sì tọ̀nà. Ẹni tó bá fi ipá mú un ló ń ba fáìlì jẹ́, akọ̀wé wa sì gbà pé òun ti fi ipá mú un rí. A ti pa ètò yẹn, fast startup ni wọ́n ń pè é. (Ti aago tó ń fi wákàtí kan yàtọ̀ bí a bá kúrò ní Linux bọ́ sí Windows, kì í ṣe àìsàn. Linux ka aago inú ẹ̀rọ sí ti Greenwich, Windows kà á sí tiwa, a sì fi wákàtí kan ṣáájú Greenwich.)

Ẹ̀bi tó kù, ti gbogbo wa ni. Ní ìpàdé ọdún tó kọjá, a dìbò pé owó UPS pọ̀ jù. Iná tó ń lọ lójijì ni kò jẹ́ kí hard disk àgbà yẹn sinmi.

Ti hard disk àtijọ́ náà, a ò ní tà á. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà wá sí Èkó, wọ́n sì bá àkọsílẹ̀ àdáni àwọn ará òkè òkun nínú hard disk àlòkù. Orúkọ yín àti iye tí ẹ ń gbà kò gbọdọ̀ di ohun tí wọ́n ń nà sórí àtẹ. A ó fọ́ ọ lójú ìgbìmọ̀.

Gbogbo lẹ́tà ti padà. Ìwé owó náà ti padà, àfi ti oṣù mẹ́ta, Agẹmọ sí Ọ̀wẹ́wẹ̀. Ọkọ ọ̀kan nínú àwọn opó méjèèjì kò kan oṣù wọ̀nyẹn, akápò yóò sì sanwó fún un lọ́sẹ̀ yìí. Inú oṣù wọ̀nyẹn ni èkejì ti san tirẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ bá a ṣiṣẹ́ ní gáréèjì kan náà, tí ẹ jọ tò láti san owó lọ́jọ́ náà, ẹ wá rí akápò kí ẹ tó lọ lálẹ́ yìí. Ẹ̀yin yòókù, ẹ tú àpótí, ẹ kó rìsíìtì oṣù mẹ́ta yẹn wá sí ọ́fíìsì kí ọjọ́ Sátidé tó pé.