Ẹni Tí Igba Ojú Mọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí ni “famous”, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń júwe ẹni tí òkìkí rẹ̀ ti kàn kọjá ẹnu ọ̀nà ilé baba rẹ̀. Tiwa ni gbajúmọ̀, tí àwọn àgbà tú sí ẹni tí igba ojú mọ̀. Bí ó bá sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó pè é ní ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Alf Ramsey, ọmọ bíbí Dagenham wa níbí gan-an, tí a bí ní 1920, tí ó darí àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí wọ́n fi gba Ife Àgbáyé ní 1966, tí Bobby Moore, ọmọ Barking tó múlé tì wá, sì jẹ́ balógun wọn. Àmọ́ ṣá o, ẹ̀yin òbí, ẹ bá mi kìlọ̀ fún àwọn ọmọ: “infamous” kì í ṣe ẹ̀gbọ́n “famous” rárá! Olókìkí burúkú ni ìyẹn, bí ògbólógbòó olè tí tọmọdé tàgbà mọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ bá tan.